Ọdẹ́wùmí àti Alùpùpù Rẹ̀ ní Ìlú Ìsinmi Irin

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá jókòó jìnnà sí ìdí ààrò, èéfín nìkan ni yóò máa rí. Èmi tí mo jókòó níwájú yín yìí ti ṣọdẹ dé ibi tí ẹyẹ ti ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi. Ẹfọ̀n ti rí mi rí, tó ṣe bí ẹni pé koríko lòun ń wò, kí n má baà mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ti ara mi lónìí. Ti Ọdẹ́wùmí ará Òkè-Ẹ̀gà ni n ó sọ, ọ̀rẹ́ mi, nítorí pé bí mo ti láyà tó yìí, n kò lè rin ìrìn tí ọkùnrin náà rìn.

Ọdẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn rẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Alùpùpù rẹ̀ ni. Alùpùpù náà ti pẹ́ láyé débi pé àwọn tó ṣe é lókè òkun ti gbàgbé pé àwọn ṣe irú rẹ̀ rí. Gbérùmí ni Ọdẹ́wùmí sọ ọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ kúrú. Ọdẹ́wùmí gé irin ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n jó irin mìíràn mọ́ ọn kó lè gùn sí i. Ó yọ sípíríngì lára ìjókòó ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tò ó sábẹ́, ó wá fi awọ ìgalà bo gbogbo rẹ̀, kí aboyún lè jókòó láàárín òun àti agbẹ̀bí kí ọ̀nà má sì gbò ó jù. Iná iwájú rẹ̀, ti mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Fèrè rẹ̀, fèrè rọ́bà àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ fún ni. Láràárọ̀, kó tó bu omi sójú ara rẹ̀, yóò ti fi àkísà nu ẹ́ńjìnnì Gbérùmí, yóò ti kán òróró sí ṣéènì rẹ̀, yóò sì tẹ́tí sí i bí ìyá tí ń tẹ́tí sí mímí ọmọ tó ń sùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdí wà fún un. Jọláadé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni agbẹ̀bí gbogbo abà tó wà lẹ́yìn òkè. Orúnkún obìnrin náà ti ń dùn ún láti ìgbà tó ti ṣubú nínú ẹrọ̀fọ̀, kò sì lè rìn jìnnà mọ́. Gbérùmí ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ fèrè rọ́bà yẹn láti ẹ̀yìn òkè, obìnrin tó ń rọbí yóò mí kanlẹ̀, ọkọ rẹ̀ yóò sì rántí pé òun lè jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gun òkè lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Gbérùmí fi ké bí ẹran tí ọta bà, tó sì dúró. Wọ́n tì í délé. Ráúfù, mẹkáníìkì Òkè-Ẹ̀gà, tú ẹ́ńjìnnì náà wò, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ láì tíì ṣe nǹkan kan.

"Bàbá ọdẹ, písítìn ló fọ́," ló wí. "Ọmọ irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì ni. Gbogbo àìsàn Gbérùmí ni mo gbọ́ oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kọjá agbára mi. Kò sí lọ́jà, kò sí lórí àkìtàn. Wọn kì í ṣe é mọ́."

Àwọn aládùúgbò ní kó tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kí wọ́n lọ yọ́ ọ nínú iná. Lọ́jọ́ kejì, ìpè dé láti abà kan pé obìnrin kan ń rọbí. Jọláadé gbé àpò rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn. Ó débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún ló bá.

Nígbà tó padà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà. Ọdẹ́wùmí gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹun."

"Màá jẹun, Àjàmú," ló fi oríkì rẹ̀ pè é. "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ dé ilé ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé ọkùnrin náà dìde. Ó lọ bá Ráúfù, ó ní, "Ronú dáadáa. Kò sí ibì kankan láyé?"

Ráúfù wo ilẹ̀. "Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ ìlú kan. Ó ní ọkọ̀ tí ènìyàn bá sunkún nítorí rẹ̀ kì í kú, pé Ìlú Ìsinmi Irin ló ń lọ, lẹ́yìn Igbó Pupa. A rò pé ó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni."

"Ta ló dé ibẹ̀ rí?"

"Ẹni tó bá débẹ̀, kò padà wá sọ."

Ọdẹ́wùmí gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di àpò irinṣẹ́ àti ṣágo òróró kan, ó di Gbérùmí mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Jọláadé béèrè ìdí tí kò fi ní fi alùpùpù náà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń lọ wá bàtà fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó mú ẹsẹ̀ ọmọ dání."

Ohun tí ojú rẹ̀ rí kò ṣe é rò tán. Igbó Pupa ló kọ́kọ́ wọ̀. Ewé ibẹ̀ pupa, omi ibẹ̀ pupa, òjò ibẹ̀ kì í dá. Kò tíì rìn wọnú tí iwin kan fi jáde sí i. Iwin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo igi, ahọ́n rẹ̀ gùn dé àyà, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó ń tọrọ omi mu.

"Ẹ kú ìrìn, ọdẹ," ni iwin náà wí. "Dógùn-ún ni mí. Mo ti ń retí ohun tí ẹ ń tì yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́."

Ọdẹ́wùmí na ìbọn sí i. Dógùn-ún kò sá. Ó na ahọ́n, ó lá ẹnu ìbọn náà, ìbọn sì rún wómúwómú bí àkàrà tó bọ́ sínú omi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ lá ẹsẹ̀ Gbérùmí.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ọfọ̀ ni ǹ bá ké, ẹ kò sì ní rí mi níhìn-ín lónìí, nítorí irin kì í gbọ́ ọfọ̀. Ọdẹ́wùmí tú àpò, ó mú àkísà àti òróró. Ibi tí ahọ́n iwin bá fi kàn, ibẹ̀ ni yóò nù. Iwin lá iwájú, ó nu iwájú. Iwin lá ẹ̀yìn, ó nu ẹ̀yìn. Òjò ń pa wọ́n, wọ́n ń yí alùpùpù po bí ẹni méjì tó ń jó.

"Ó máa rẹ̀ yín," ni Dógùn-ún wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. "Ó máa ń rẹ gbogbo wọn. Ẹ̀yin ènìyàn á nu nǹkan lónìí, ẹ á nù ún lọ́la, tó bá di ọ̀tunla ẹ ó rántí iṣẹ́ mìíràn. Èmi kò níṣẹ́ mìíràn."

"Mo mọ̀," ni Ọdẹ́wùmí dáhùn. "Bó bá rẹ̀ mí, màá sinmi. Bí mo bá sinmi tán, màá tún nù ún. Mi ò sọ pé mo lè ṣẹ́gun rẹ. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kó pẹ́ díẹ̀ kó tó di tìrẹ ni."

Iwin náà dáwọ́ dúró. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó bá a sọ òótọ́ rí. Gbogbo àwọn tó ti ń kọjá níbẹ̀ ló ń lérí sí i pé irin àwọn kò ní pupa láé. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà bó ti ń lọ tó ń bọ̀, títí òjò fi dá, tí oòrùn fi yọ, tí oorun sì ń kun òun fúnra rẹ̀.

"Ẹ kọjá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ bojú wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbà wọlé."

Ọdẹ́wùmí bojú wò ó. Lóòótọ́, àmì pupa kan wà níbẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ó nù ún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ iwin, ó ń tì í lọ.

Ìlú tó kàn lójú ọ̀nà ni Ṣẹ̀ṣẹ̀dé. Nǹkan kan kì í gbó níbẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n bá sebẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú ọ̀gbun ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń jù ú sí. Kí èéfín tó dú òrùlé, wọ́n ti wó ilé. Bí oṣù bá lé, wọ́n a pààrọ̀ ọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n rí Gbérùmí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n fa alùpùpù tuntun kan jáde, tó ń dán bí ojú omi, wọ́n ní kó máa gbé e lọ, pé kó kàn fi ògbólógbòó yìí sílẹ̀ fún ọ̀gbun.

N kò ní parọ́ fún yín, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó fọwọ́ kàn án. Ó rántí orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Bí èyí bá bàjẹ́, ta ló ń tún un ṣe?"

Wọ́n wo ojú ara wọn. Kò sí 'tún un ṣe' nínú èdè wọn.

"Bó bá bàjẹ́, a ó jù ú sọ́gbun," ni wọ́n wí.

"Aboyún tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà ńkọ́?"

Nítorí pé àlejò tó béèrè ohun tí onílé kò lè dáhùn kì í pẹ́ di ẹlẹ́jọ́, wọ́n wọ́ òun àti Gbérùmí lọ sí ààfin.

Ọba Ṣẹ̀ṣẹ̀dé dé adé tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó sín in. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé ìjókòó alùpùpù rẹ kọ́ ni ti àkọ́kọ́, iná rẹ̀ kọ́ ni ti àkọ́kọ́, táyà rẹ̀ kọ́ ni ti àkọ́kọ́. Ní báyìí, o tún ń wá ọkàn mìíràn fún un. Kí ló kù tí o fi ń pè é ní orúkọ kan náà? Bí o kò bá lè túmọ̀ rẹ̀, ọ̀gbun ni yóò gbà yín."

Ọdẹ́wùmí dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ẹni tó tẹ ìlú mi dó ti kú. Àwọn tó bá a tẹ̀ ẹ́ dó ti kú. Ilé tí wọ́n kọ́ ti wó, a sì ti kọ́ òmíràn sójú ibẹ̀. Síbẹ̀, bí àlejò bá béèrè Òkè-Ẹ̀gà, ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n ń mú un wá. Iṣẹ́ tí Gbérùmí ń ṣe ni Gbérùmí. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbé ènìyàn dé ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é, òun náà ni."

Ọba ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Nígbà tó ku àwọn méjì, ó ṣí adé rẹ̀. Irun orí rẹ̀ funfun, èédú ló fi kùn ún, òógùn sì ti ń fọ̀ ọ́ lọ sí ọrùn.

"Ṣé irú irun yìí wà ní ìlú yín?" ló béèrè.

"Ó wà, Kábíyèsí. Àwọn tó ni ín la máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀."

Ọba ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un fúnra rẹ̀, ó sì bá a ti Gbérùmí kọjá ẹnu ọ̀nà. "Máa lọ," ló wí, "kí wọ́n tó rántí rẹ."

Láti ibẹ̀ ló dé Odò Ìdákẹ́, omi tó ń ṣàn tí kì í dún. Kò jìn. Ó ti Gbérùmí là á kọjá, Ìlú Ìsinmi Irin sì wà lókè bèbè kejì.

Ẹ̀yin ará mi, ìlú náà tutù. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí imú wọn gùn wà lábẹ́ igi bí màlúù tó jẹko yó. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ìyàwó gùn wọlé ọkọ, kẹ̀kẹ́ tí tíṣà gùn lọ síléèwé, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn wọn sì jókòó ti àwọn kan nínú wọn. Ọdẹ́wùmí ń wò wọ́n lọ títí ó fi rí alùpùpù kan tó jọ Gbérùmí bí ìbejì. Ọkùnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń nù ún. Ọdẹ́wùmí mọ̀ pé òkú ni, nítorí pé oòrùn ń tàn lé e lórí, kò sì ní òjìji.

Ọdẹ́wùmí kí i, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán kó tó mi orí.

"Oyèkànmí lorúkọ mi," ló wí. "Ará Abà Ìdí-Ọsàn. Ìyàwó mi Àṣàbí ń rọbí, mo gun alùpùpù yìí láti lọ pe agbẹ̀bí ní Òkè-Ẹ̀gà. Mo sá eré jù. Ọ̀nà já mi sí kòtò ńlá, kò sì sẹ́ni tó rí ibi tí mo wọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tún un ṣe. Ó ti dára, ó kù kí ọ̀nà ṣí fún mi. Bí mo bá yọ písítìn rẹ̀ fún yín, kí ni n ó gùn padà lọ bá Àṣàbí?"

Ọdẹ́wùmí kò bá a jiyàn. Ọdẹ ni òun, ó mọ ẹran tí a ń lé àti èyí tí a ń dúró dè. Ó jókòó tì í. Ó rí i pé ṣéènì alùpùpù náà gbẹ, ó sì kán òróró tó kù nínú ṣágo rẹ̀ sí i. Wọ́n jọ ń nù ún. Wọ́n sọ̀rọ̀ táyà, wọ́n sọ̀rọ̀ òkè tó máa ń dá ẹ́ńjìnnì lágara. Oyèkànmí béèrè bó ṣe jẹ́ tí ìjókòó Gbérùmí fi gùn tó bẹ́ẹ̀, Ọdẹ́wùmí sì ṣàlàyé fún un. Nínú ọ̀rọ̀ náà ló ti dárúkọ Jọláadé, pé ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún rìn lọ gbẹ̀bí, pé nígbà tó débẹ̀, ẹkún ló bá.

Oyèkànmí gbé àkísà sílẹ̀.

"Kò rí ohun gùn," ló wí.

"Kò rí ohun gùn."

Oòrùn ti yí kúrò lórí ìjókòó alùpùpù rẹ̀ nígbà tó na ọwọ́ sí àpò irinṣẹ́ Ọdẹ́wùmí, tó mú sípánà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdẹ́wùmí fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Oyèkànmí ní, "Ẹ jẹ́ kí n tú u. Èmi ni mo dè é."

Wọ́n fi písítìn náà sínú Gbérùmí. Ọdẹ́wùmí fẹsẹ̀ tẹ irin tí a fi ń jí i, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, Gbérùmí húkọ́, ó mí, ó dáhùn. Gbogbo ìlú náà gbọ́ ọ. Àwọn tó jókòó ti ọkọ̀ wọn gbé orí sókè.

"Ẹ gbé mi dé etí odò," ni Oyèkànmí wí. "N kò lè kọjá omi. Mo kàn fẹ́ gùn ún díẹ̀ ni."

Ó jókòó sẹ́yìn Ọdẹ́wùmí, ó mú fèrè rọ́bà alùpùpù tirẹ̀ dání, nítorí ó ní òun kò fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dé etí omi, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ la omi kọjá, kí ẹ máa gba bèbè odò yìí lọ, ẹ ó rí ilé kíákíá," ló wí. "Ẹ bá mi rí Àṣàbí. Ẹ sọ fún un pé n kò sá. N kò mọ̀ bóyá ó bí i, n kò mọ̀ bóyá ó wà láyé. Bí ẹ bá rí i, ẹ fun fèrè yín sí omi. Odò yìí ń gbé gbogbo ariwo mì, ṣùgbọ́n kò lè gbé fèrè mì."

Ọ̀nà àbọ̀ kì í gùn fún ẹni tó ti rí ohun tó ń wá. Ọdẹ́wùmí la odò kọjá, ó gba bèbè lọ, kò pẹ́ tó fi rí ẹ̀yìn Abà Ìdí-Ọsàn. Omi kan náà ni. Odò Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ará abà ń pè é, wọ́n ń fọ aṣọ níbẹ̀, wọn kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ó ti gbé Jọláadé wá sí abà yìí rí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni ní Àṣàbí níbẹ̀. Ó béèrè. Wọ́n nawọ́ sí ìyá arúgbó kan tó ń ṣa ẹ̀pà níwájú ilé. Ó mọ̀ ọ́n. Ìyá Abíọ́nà ni, ìyá tó máa ń kẹ̀yìn sí alùpùpù nígbàkúùgbà tó bá gbọ́ ọ. Ó ti kẹ̀yìn sí Gbérùmí náà báyìí.

Ọdẹ́wùmí pa ẹ́ńjìnnì, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Oyèkànmí ló rán mi."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí ẹ̀pà. Kò yíjú padà. Ọdẹ́wùmí ń rò fún un, ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀, títí ó fi tán.

"Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n rí i lójú títì, pé ó ń sáré lọ sí ìlú ńlá," ni ìyá náà wí. "Mo dúró, kò dé. Mo fi ìrora náà dìde, mo ń wá ẹni tó máa gbà mí, ojú ọ̀nà ni mo bí i sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Abíọ́nà." Ó wá béèrè pé, "Nígbà tó ṣubú, apá ibo ló kọjú sí?"

"Òkè-Ẹ̀gà, ìyá. Ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí."

Ìyá náà yíjú padà. Ó dìde, ó wá sídìí Gbérùmí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì níbi tí písítìn wà. Irin náà ṣì gbóná. Kò gbé ọwọ́ kúrò títí ó fi ní kí Ọdẹ́wùmí gbé òun dé etí omi.

Abíọ́nà jáde láti inú ilé, obìnrin tó ti dàgbà, tó pọn ọmọ, ó gbé ìyá rẹ̀ sórí awọ ìgalà, òun náà sì gùn ún lẹ́yìn ìyá. Wọ́n dé etí odò. Ọdẹ́wùmí fẹ́ fun fèrè, ìyá náà dì í lọ́wọ́ mú.

"Èmi ló ń béèrè," ló wí.

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún fèrè rọ́bà náà. Ìró rẹ̀ kọjá lórí omi tí kì í dún. Wọ́n dúró. Ọmọ tó wà lẹ́yìn Abíọ́nà jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà náà ni fèrè mìíràn dún láti bèbè kejì, ó tínrín, ó pẹ́ kó tó tán.

"Odò kò gbé ẹkún ọmọ mì, ó ti gbọ́ ọ," ni Àṣàbí wí, ó sì fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú.

Láti ọjọ́ náà ni Gbérùmí ti ń gbé Jọláadé gun òkè, mo sì ti fi ojú mi rí i. Bí mo ti bá ìtàn yìí lọ́wọ́ Ọdẹ́wùmí ni mo gbé e lé yín lọ́wọ́. Ẹ dìde, ẹ na ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì bá mi kí ẹni tí ẹ bá bá nílé.